Òdo Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán nígbà tí ìyá arúgbó kan dé iwájú káńtà ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, ó gbé bébà kan kalẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa bí ẹni tó ń lọ aṣọ.

"Ẹnì kan lẹ èyí mọ́ ilẹ̀kùn mi," ni ó wí. "Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi jáde kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní mo ti ta ilé mi. Èmi ò ta ilé fún ẹnikẹ́ni."

Olùkọ́ ni màmá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó tó ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó ti fi ẹgba kọ́ ní ìwé, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Ìyá Olùkọ́. Ẹni tó wà ní káńtà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni obìnrin tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Aṣọ́ẹ̀rọ. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, òun sì ni igbá kejì rẹ̀, kí àìsàn tó mú ọkọ lọ ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Nígbà tí ó padà láti ilé ọ̀fọ̀, ìjókòó ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ní kó bọ́ sí.

Ó tẹ nọ́ńbà ilé màmá náà sínú ẹ̀rọ. Ohun tó jáde kò dára. Ìwé sọ pé ilé náà ti di ti ẹlòmíràn láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kan, oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Orúkọ ẹni tó rà á wà níbẹ̀, orúkọ ẹlẹ́rìí kan wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ma," ni Aṣọ́ẹ̀rọ wí. "Ohun tí ẹ̀rọ kìíní bá fi pamọ́, ẹ̀rọ kejì á sọ ọ́."

Kò parọ́, ohun tó gbà gbọ́ ni ó sọ. Lójoojúmọ́, ní agogo kan ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá jáde lọ jẹun, ẹ̀rọ a máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ilẹ̀ sínú ẹ̀rọ kejì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Yóò kó ìwé ìrìnsẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ ọn, èyí tó ń sọ ẹni tó fọwọ́ kan ìwé, ìgbà tó fọwọ́ kàn án àti ohun tó yí padà. Lẹ́yìn agogo kan, ẹ̀rọ kì í gba àyípadà sí ìwé ilẹ̀ kankan mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ kìíní á nu ìwé ìrìnsẹ̀ tirẹ̀ nù nítorí àyè. Ti inú ẹ̀rọ kejì nìkan ló ń kù. Bí ẹ̀dà bá ti parí, bébà kékeré kan a jáde, nọ́ńbà kan ṣoṣo lára rẹ̀. Òdo túmọ̀ sí pé iṣẹ́ parí ní àlàáfíà. Nọ́ńbà mìíràn túmọ̀ sí pé nǹkan ṣe. Aṣọ́ẹ̀rọ a fọwọ́ sí i, a gbé e fún Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà. Láti oṣù mẹ́jọ tó ti ń fọwọ́ sí bébà yìí, kò rí nọ́ńbà mìíràn rí bí kò ṣe òdo.

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó wá ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Ọjọ́ kẹjọ wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án kò sí.

Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọjọ́ tó kù, ìka rẹ̀ lórí ojú ẹ̀rọ bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà. Mọ́kàndínlógún ni ọjọ́ tí kò sí. Ó fa fáìlì àwọn bébà kékeré jáde, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún náà, òdo mọ́kàndínlógún, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ gbogbo wọn.

*

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọ̀gá ránṣẹ́ pè, nígbà tí Aṣọ́ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ náà tó o létí, jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń fi abẹ gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé rẹ̀, tí yóò sì kó èèpo rẹ̀ sí àpò ara rẹ̀, kí ilé onílé má bàa dọ̀tí. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Kí ni òdo túmọ̀ sí?"

"Pé ẹ̀dà ti parí láìsí wàhálà."

"Níbo ni ẹ̀dà náà wà?"

Aṣọ́ẹ̀rọ dojú bébà náà délẹ̀.

"Ìyáàfin, mo ti bá àwọn olè tó mọ irọ́ pa dáadáa pàdé. Wọ́n kì í fọwọ́ sí i ní ìgbà mọ́kàndínlógún." Ó gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ díẹ̀. "Ta ló lè yí ìwé ilẹ̀ padà níbí?"

"Àwa méje. Ọ̀gá, Akọ̀wé Àgbà, akọ̀wé mẹ́rin, àti èmi."

"Ta ló lè dá ẹ̀dà dúró bó bá ti ń lọ?"

"Èmi. Àti ẹni tí ẹ̀dà ń fi orúkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́."

"Orúkọ ta ni?"

"Ti ọkọ mi. A ò tíì yọ ọ́ kúrò."

"Ọkọ yín tó ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. "Nígbà náà, ẹ̀yin nìkan ló kù."

Nígbà tó jáde, Akọ̀wé Àgbà ń dúró dè é ní ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú ife tíì kan. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni ọkùnrin yìí, òun ló bá wọn gbé pósí. Kì í pariwo, kì í sáré, bẹ́ẹ̀ ni kì í ti ilẹ̀kùn kó dún, ni wọ́n bá ń pè é ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyàwó wa, ẹ mu tíì," ni ó wí. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ọwọ́ olóògbé ló kọ àṣẹ ẹ̀dà yẹn, bó bá ní àbùkù, àbùkù ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọn ò lè mú òkú."

"Ọkọ mi kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń ro ti àwọn ọmọ yín ni."

Ó gba tíì náà, ṣùgbọ́n kò mu ún. Láti àárọ̀ ni ara ti ń fu ú sí gbogbo èèyàn. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú, ó sì ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù. Àwọn akọ̀wé mẹ́rin náà dákẹ́ nígbà tó kọjá níwájú wọn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀fọ́ tó wà níbẹ̀ kò sì ju ewé méje lọ, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé, ó ṣí àṣẹ tí ọkọ rẹ̀ kọ. Kò gùn. Ìlà àkọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà. Èkejì ṣí káńtà fún àwọn oníbàárà ọ̀sán. Ẹ̀kẹta bi ẹ̀rọ pé, "Kí ni nọ́ńbà iṣẹ́ tó parí?" ó sì tẹ̀ ẹ́ sí bébà.

Ní ìparí ìlà àkọ́kọ́, àmì kékeré kan wà níbẹ̀: &. Ọkọ rẹ̀ kọ́ ló fi í síbẹ̀.

Ó rántí. Ọ̀sẹ̀ kejì tó padà sí ẹnu iṣẹ́ ni. Ẹ̀dà a máa gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, káńtà kò sì lè ṣí títí yóò fi parí. Àwọn oníbàárà ń bínú, wọ́n ń gbá tábìlì. Nígbà náà, ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ òun. Ló bá fi àmì yìí sí i, kí ẹ̀rọ máa ṣe ẹ̀dà lábẹ́lẹ̀, kí káńtà sì ṣí lójú ẹsẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Ó kọ àṣẹ kan tí kò lè ṣeé ṣe láéláé: kí ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ìwé tí kò sí. Ó bi í ní nọ́ńbà. Ení. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó tún kọ àṣẹ kan náà, ó fi & sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó bi í ní nọ́ńbà.

Òdo.

Ó tún un ṣe. Òdo. Ìwé tí kò sí láyé, òdo.

Ẹ̀rọ kò parọ́. Ohun tí a bi í ló dáhùn. Iṣẹ́ tó bá lọ lábẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kò dúró dè é. Ó kàn ń sọ pé òun ti rán an jáde ni. Bó dé ibi tó ń lọ, bó ṣubú lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò bi í.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ó bi nọ́ọ̀sì léèrè pé, "Ṣé wọ́n ti gbà á wọlé?" Nọ́ọ̀sì ní, "Wọ́n ti gbà á wọlé." Ó dúpẹ́, ó padà sílé lọ wẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló béèrè; kò bi wọ́n bóyá ara rẹ̀ á yá.

Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ náà títí ojú fèrèsé fi di eérú.

*

"Èmi ni mo fi àmì náà sí i," ni ó sọ fún Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Ọkọ mi kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òdo tí mò ń fọwọ́ sí kì í ṣe ti ẹ̀dà. Ti pé a rán ẹ̀dà jáde ni."

Ọkùnrin náà ronú. "Ó wá dà bí ọmọ tí a rán lọ ra iyọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọbẹ̀ dùn."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

"Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ mọ iṣẹ́ yín débi tí ẹ fi lè kọ́ irú àlọ́ yìí. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ òótọ́?"

"Màá sọ fún un pé kó dúró de ẹ̀dà, kó tó dáhùn."

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wá gbóhùn sókè díẹ̀ fún Ọ̀gá tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láàárín àwọn akọ̀wé rẹ̀. "Ọ̀gá, ìwé títà ilé yìí kò ní ju ẹlẹ́rìí kan lọ. Òfin ní kó jẹ́ méjì. Ọjọ́bọ̀ ni akọ̀wé kóòtù ń bọ̀ wá wò ó. Bí kò bá pé, títà náà kò múlẹ̀."

Ó padà wọlé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tó bá ṣe ìwé náà gbọ́dọ̀ wá ẹlẹ́rìí kejì kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́. Ọjọ́ tó bá wá a, ó gbọ́dọ̀ pa ẹ̀dà ọjọ́ náà, kí ìrìnsẹ̀ rẹ̀ má bàa kù. A ó máa wò ó."

Aṣọ́ẹ̀rọ tún àṣẹ náà ṣe. Àwọn ìlà méjì ló fi kún un ní ìsàlẹ̀. Àkọ́kọ́ gba nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún iṣẹ́ tó rán lọ sábẹ́lẹ̀, `$!` ni wọ́n ń kọ láti fi béèrè rẹ̀. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ `wait`, pé kí ẹ̀rọ dúró de ẹni tó ni nọ́ńbà yẹn títí yóò fi parí, kó wá sọ bó ṣe parí. Agogo kan lù. Agogo méjì lù. Bébà kò jáde. Agogo mẹ́ta. Ó ń wo ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ẹni tó ń wo ẹnu aláìsàn. Nígbà tí wọ́n ti káńtà ní agogo mẹ́rin, bébà jáde.

Òdo.

Ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀dà ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò sí níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ẹ̀rọ kìíní ti nu ìwé ìrìnsẹ̀ rẹ̀ nù. Ó ṣí ìwé ilé Ìyá Olùkọ́. Láàárọ̀, ẹlẹ́rìí kan ló wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì ló wà níbẹ̀ báyìí.

Olè ti wọlé, ó ti jẹun, ó ti nu ẹnu, àwọn aṣọ́de ṣì jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ sórí tábìlì.

"Òdo ti di ogún," ni ó wí. "Lójú èmi fúnra mi."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Wo kí ni? Màmá ti ń di ẹrù. Mo kọjá níwájú ilé wọn láàárọ̀. Wọ́n ń fi ìwé ìròyìn wé àwo."

Aṣọ́ẹ̀rọ ń ka àwọn ìlà náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni mo lọ dúró sí. Káńtà náà ń lọ lábẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá béèrè nọ́ńbà, ti ẹni tó jáde kẹ́yìn ni ẹ̀rọ máa fún yín. Mo rán ẹ̀dà, mo rán káńtà, nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Nọ́ńbà káńtà ló fún mi. Káńtà ni mo dúró dè títí di agogo mẹ́rin. Káńtà ló sì sọ pé àlàáfíà ni òun wà."

"Kí ló yẹ kí ẹ ṣe?"

"Kí n gba nọ́ńbà ẹ̀dà lójú ẹsẹ̀ tó bá ti jáde, kí n tó rán ẹnikẹ́ni mìíràn."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wò ó, ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó gbé e padà sí àpò. "Ọ̀la nìkan ni mo lè fún yín. Ó ti rí ohun tó ń wá, kò sídìí tó fi máa padà wá, àyàfi bí a bá fún un ní ìdí." Ó na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ. "Ta ni ẹlẹ́rìí kejì yìí?"

Wákàtí kan lórí fóònù ló fi wádìí rẹ̀. Nígbà tó padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìí kejì ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúró sí ibi tí wọ́n ti ń po tíì, ó ń bá Ọ̀gá ṣàwàdà lóhùn tí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ọ̀gá, ilé iṣẹ́ yín yìí lágbára o. Òkú ló ń jẹ́rìí fún yín."

"Òkú báwo?"

"Ẹlẹ́rìí kejì. Ó ti wà ní ibojì kí wọ́n tó ta ilé. Ní ọ̀la, èmi àti akọ̀wé kóòtù á jọ ka orúkọ rẹ̀ sókè, a ó wá mọ ẹni tó jí i dìde."

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Àwọn akọ̀wé wo ilẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mi orí, ó ní, "Ayé ti bàjẹ́," ó sì lọ fọ ife rẹ̀.

Ní agogo kan, àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ jẹun. Aṣọ́ẹ̀rọ wà níwájú ẹ̀rọ rẹ̀, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀dà jáde, ó gba nọ́ńbà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó fún un ní orúkọ. Lẹ́yìn náà ni káńtà jáde. Ó wá ní kí ẹ̀rọ dúró de ẹ̀dà, ẹ̀dà nìkan. Ó sì fi ìlà kan kún un tí kò sọ fún Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pàápàá: bí nọ́ńbà tó bá padà wá kì í bá ṣe òdo, kí ẹ̀rọ tún ẹ̀dà ṣe lójú ẹsẹ̀, ní orúkọ òun, kì í ṣe ní orúkọ olóògbé.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́jọ. Lẹ́ẹ̀dì Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti kúrú ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ̀wé lọ.

Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, bébà jáde.

143.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹnì kan ló pa á, sà." Ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà náà. "Nọ́ńbà tó bá ti ju méjìdínláàádóje lọ báyìí, iṣẹ́ náà kò kú ikú ara rẹ̀. Ẹ yọ méjìdínláàádóje kúrò níbẹ̀, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àṣẹ pé kí iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Àbùkù kọ́. Iná tó lọ kọ́. Ọwọ́ èèyàn ni."

"Ọwọ́ ta ni?"

Ó bi ẹ̀rọ léèrè àwọn tó wà lórí rẹ̀ lásìkò yẹn. Orúkọ méjì ló jáde. Èkíní jẹ́ tirẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Ó wà ní ẹ̀rọ kẹfà, ní yàrá àwọn fáìlì àtijọ́, ó ń ṣiṣẹ́.

Orúkọ náà wà níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán nígbà tí ó wà láyé, tí àwọn méjèèjì jókòó ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Yàrá fáìlì," ni ó wí.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti jáde. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ti pa ẹ̀rọ kẹfà. Aṣọ́ẹ̀rọ fọwọ́ kan àga rẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ilẹ̀kùn kejì, èyí tó kọjú sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, wà ní ṣíṣí díẹ̀.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Ọ̀gá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ní òdìkejì, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jáde láti ilé ìtọ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù funfun nu ọwọ́.

"Kí ló ń lé yín, ìyàwó wa?"

"Ta ló jáde níbí?" ni Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi wọ́n.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti òkè ni," ni Ọ̀gá wí. "Kí ló dé tí ẹ fi ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ò rí ẹnikẹ́ni," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Ẹ̀rọ kẹfà, gbogbo wa la máa ń lò ó."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó ń wo ọwọ́ ẹni yìí, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ ẹni yẹn. Aṣọ́ẹ̀rọ fà á ní apá aṣọ.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ bá mi dúró."

"Dúró de kí ni?"

"Ẹ̀dà kejì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó pa àkọ́kọ́ kò mọ̀ pé a ti rán òmíràn."

Wọ́n dúró ní yàrá ẹ̀yìn, níwájú ẹ̀rọ kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pọ̀ fún ẹni tó wà ní ìdúró. Ẹ̀rọ ń kùn. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń rí ọgbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí àti géètì. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jáde sí ọgbà náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, kò sáré, ó dúró kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Bébà jáde ní ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Aṣọ́ẹ̀rọ sì sáré lọ mú un wá. Òdo.

Lọ́tẹ̀ yìí kò fọwọ́ sí i. Ó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀dà náà wò. Ó wà níbẹ̀. Ó ṣí ìwé ìrìnsẹ̀, ó sì kà á sókè: "Agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, Akọ̀wé Àgbà, ìwé ilé Ìyá Olùkọ́: ó yọ orúkọ ẹlẹ́rìí kejì, ó fi òmíràn sí i. Agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orúkọ olóògbé wọlé láti ẹ̀rọ kẹfà…"

Kò tíì kà á tán tí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tí Aṣọ́ẹ̀rọ dé ìsàlẹ̀, géètì ti ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ náà sì ti ń rìn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúró sí àárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ̀ náà kò dúró. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń rò ó bóyá kí òun tẹ iná mọ́ ọn. Irin iwájú rẹ̀ kan orúnkún ọkùnrin kúkúrú náà. Kò yẹ̀.

"Pa iná," ni ó wí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí Aṣọ́ẹ̀rọ tó mú bébà kan dání. Ó pa iná ọkọ̀.

*

"Níbo lò ń lọ?"

"Lọ́dọ̀ dókítà eyín."

"Eyín wo?"

Wọ́n ti gba báàgì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ló wà nínú rẹ̀, àti ìwé ilé mẹ́rin tí kò tíì kún.

"Ìwọ lo fi ẹlẹ́rìí sí i lánàá?"

"Ẹnikẹ́ni ló lè ti lo orúkọ mi."

"Òótọ́ ni. Ìwọ náà ṣáà ń lo orúkọ ẹlòmíràn." Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ìwé ìrìnsẹ̀ síwájú rẹ̀. "Orúkọ olóògbé kò ní àṣẹ láti yí ìwé ilẹ̀ padà, orúkọ tìrẹ ló ní in. Orúkọ tìrẹ kò ní àṣẹ láti pa ẹ̀dà, ti olóògbé ló ní in. O nílò méjèèjì. Wọ́n rí ọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹ̀rọ kẹfà. Ọmọ iṣẹ́ tó ń nu ilẹ̀ sọ pé o wọ yàrá yẹn ní agogo kan kọjá díẹ̀. Ṣé kí n máa bá a lọ?"

Ọjọ́ gbogbo ni tolè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan náà tó fi ń kí èèyàn láàárọ̀. Ilé mọ́kàndínlógún. Ilé àwọn arúgbó, ilé àwọn tó wà ní òkè òkun, ilé àwọn tí kò ní ọmọ nítòsí. Orúkọ àwọn òkú ló fi ń ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí òkú kì í wá sẹ́.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé bébà á máa sọ òdo?"

"Iná lọ lọ́jọ́ kan bí ẹ̀dà ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ kú, títí kan ẹ̀rọ kejì, àfi ti káńtà. Mo ń wò ó. Bébà sì sọ òdo, wọ́n sì fọwọ́ sí i." Ó gbójú sókè wo Aṣọ́ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mo fẹ́ sọ fún yín. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó yá, mo rò ó pé kí n dákẹ́ ná."

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé ọkọ mi sínú ẹ̀rọ," ni Aṣọ́ẹ̀rọ wí. "Ta ló fún yín?"

"Òun náà ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n bá òun parí iṣẹ́ kan, kí ẹ̀yin má bàa ní wàhálà."

Aṣọ́ẹ̀rọ ní, "Ó fọkàn tán yín ni," ó sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú rẹ̀.

*

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé lọ sí ilé Ìyá Olùkọ́. Akọ̀wé kóòtù ti fagi lé títà náà, Ọ̀gá ti lu òǹtẹ̀, ìwé méjìdínlógún tó kù sì ti wà lórí tábìlì, wọ́n ń retí àwọn onílé. Ó ti sọ fún Ọ̀gá pé òun ló fi àmì náà sí i; Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì tíì sọ ohun tí yóò ṣe.

Kò sí àga kankan nínú pálọ̀ mọ́. Àpótí ló kún ibẹ̀ dé òrùlé, wọ́n fi okùn di wọ́n, orúkọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀ ní ìkọ̀wé tó mọ́ bí ojú pátákó ilé ìwé. Màmá náà jókòó lórí ọ̀kan nínú wọn. Ó gba ìwé náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún kà á.

"Ta ló fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, ma."

"Ọmọ mi, wọ́n ti sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìwé tí o ti ń fọwọ́ sí." Ó wò ó lórí awò ojú. "Èyí ńkọ́? Ṣé o wò ó kí o tó fọwọ́ sí i?"

"Mo wò ó, ma. Mo dúró títí ó fi parí, mo sì lọ fi ojú ara mi rí i níbi tó wà."

Ìyá Olùkọ́ ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ inú aṣọ rẹ̀ lẹ́bàá àyà. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Àwo ló wà nínú ìyẹn. Wá bá mi tú u."